Ẹni Tó Ni Orúkọ Ṣì Ń Lò Ó

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìmoore pa bàbá arúgbó kan. N kò fún un ní májèlé, n kò sì fi mọ́tò gbá a. Orúkọ rẹ̀ ni mo fún ọmọ mi, mo sì fi ayọ̀ sọ fún un, mo ń retí kó dìde kó kí mi kú oríire. Bàbá gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé mo gbé pósí wá pé kó dùbúlẹ̀ kí n wò ó bóyá ó gbà á.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Jẹ́dà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Bàbá yìí ló ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀, láti orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún títí dé fíríìjì tí a ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Ọmọ Ìlú Ọba ni, ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún nígbà náà, àwa ọmọ Nàìjíríà sì ń pè é ní Bàbá Ẹ̀rọ. Júù ni. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè tìdí oúnjẹ dá Júù mọ̀. Lọ́jọ́ kan ni mo wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo bá àbẹ́là tó ń jó lórí tábìlì. Mo bi í bóyá iná ti lọ ni, torí ẹni tó ti Nàìjíríà wá kò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń fi àbẹ́là ṣe. Ó ní ọjọ́ tí ìyá òun kú ló tún yí po, pé àwọn èèyàn òun a máa tan iná fún òkú wọn lọ́dọọdún. Ó wo ojú mi, ó ń dúró dè mí. Èmi náà bá sọ fún un pé èmi àti ọkọ mi máa ń ti fèrèsé ká tó kọ orin ìyìn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, torí wọn kò gba ṣọ́ọ̀ṣì láàyè níbẹ̀. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Òjò ló fa ọ̀rọ̀ orúkọ. Jẹ́dà lè wà láìrí òjò fún oṣù púpọ̀, tó bá wá yá, gbogbo rẹ̀ á rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí yàn láti wá sáyé. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára mi ṣáájú rẹ̀. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Yáńbù, ìlú mìíràn tó jìnnà, èmi nìkan ni mo wà nílé wa ní àdúgbò Bàgídádíyà, omi ti bo títì, kò sí takisí kan tó fẹ́ gbé mi. Mo pe Bàbá Ẹ̀rọ. Ó gbé ògbólógbòó mọ́tò rẹ̀ gíga yẹn wá, ó gba ojú ọ̀nà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbà, ó sì ń kọrin. Ìrora ti mú mi débi pé mo ń fi Yorùbá bú u láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó rò pé àdúrà ni mò ń gbà, tí mo bá ti dánu dúró, á ní, “Àmín.” A kò tíì lo wákàtí kan ní ilé ìwòsàn tí mo fi bí ọmọkùnrin.

Nígbà tí ọkọ mi dé, a kò jiyàn rárá lórí orúkọ, bẹ́ẹ̀ èmi àti òun a máa jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Orúkọ Bàbá Ẹ̀rọ wà nínú Bíbélì, ó sì wà nínú Kùránì. Ìyẹn tún dára fún mi, torí àbúrò mi ọkùnrin. Ilé tiwa nílé, ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìdajì mọ́sáláṣí. Bàbá wa ni mo tẹ̀ lé, àbúrò mi tẹ̀ lé ìyá wa Àlàájà, àbúrò mi náà ló wà ní Mẹ́kà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni mọ́tò máa ń rìn láàrin wa, ṣùgbọ́n pátákó kan wà lójú ọ̀nà tí irú èmi tí kì í ṣe Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ ti yà kúrò. Lọ́dún tí ìyá wa wá ṣe Hájì, Jẹ́dà ni mo ti se ọbẹ̀ rẹ̀, àbúrò mi gbé e wọ Mínà lọ bá a nínú àgọ́. Àlàájà pè mí pé ọmọ òun kò ráyè wọlé o, àmọ́ ata rẹ̀ ti wọlé.

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá Ẹ̀rọ wá kí wa nílé, tí mo sì bú ìròyìn ayọ̀ náà jáde.

“Mo ṣì wà láàyè,” ló sọ.

Mo ní mo rí i bẹ́ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé láàrin àwọn Júù tí òun ti wá, àwọn tí baba ńlá wọn gbé ní apá ìlà-oòrùn Yúróòpù, òkú ni wọ́n ń fi orúkọ ọmọ rántí. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọmọ ní orúkọ ẹni tó ń mí. Wọ́n ní ẹ̀mí ẹni méjì ò lè fi orúkọ kan ṣoṣo ṣe ilé. Àwọn àgbà wọn tún ní bí áńgẹ́lì ikú bá dé tó ń wá àgbàlagbà, ó lè ṣèèṣì mú ọmọdé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

“Kì í ṣe ara mi ni mò ń bẹ̀rù fún,” ó ní. “Èmi ti lo tèmi. Ṣùgbọ́n tó bá dé tó ń wá mi, tó wá bá ọmọ rẹ ńkọ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, torí nọ́ọ̀sì ni mí, mo ní ìwé ẹ̀rí tó kún àpótí. Ẹ̀rín náà kò dé ìdajì tó fi gbẹ. Ẹni tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé ọmọ mi láti orí ibùsùn, mo dì í mú ṣinṣin bí ẹni pé àlejò náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkọ mi ní òun kò gbọ́ ohun tó jọ ọ́. Ó ti fi orúkọ ránṣẹ́ sílé, ìyá rẹ̀ ti ń fi í kí ọmọ lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ sì ti kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù ìbí ní ilé ìwòsàn. Ó ní áńgẹ́lì Ọlọ́run mọ̀wé, ó mọ àdírẹ́sì, kò sì lè wá ẹni àádọ́rin ọdún dé inú ibùsùn ọmọ ọwọ́. Bàbá Ẹ̀rọ tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ tó fi ohun ìjà lé e lọ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ pé kì í ṣe gbogbo Júù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ìyàwó òun, tí wọ́n ti Mòrókò wá, inú wọn a máa dùn láti sọ ọmọ ní orúkọ bàbá àgbà tó wà láàyè, kódà bàbá àgbà lè bínú bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ọkọ mi mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe ti ìyàwó yín.

Ìgbà náà ni bàbá sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ yìí ni òun àti ìyàwó òun fi jà fún ọdún mẹ́ta. Òun fẹ́ fi orúkọ bàbá òun tó ti kú sọ ọmọ, ìyàwó fẹ́ fi ti bàbá tirẹ̀ tó wà láàyè. Wọ́n jà lórí oúnjẹ, wọ́n jà nínú mọ́tò. Ọmọ kankan kò wá. Ìyàwó náà ti kú báyìí, òun sì ń fẹ́ kí ìjà yẹn tún padà wá, kí òun jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ òun fún un. Ọkọ mi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà láìjiyàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ ọkọ mi, ẹ ó mọ̀ pé bàbá kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó fi tún bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi ló bá wa parí rẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ kẹrin pẹ̀lú omi Sámúsámù àti dàbínù. Mo rò pé yóò kó ìwé jáde, kó sọ pé áńgẹ́lì kì í ṣàṣìṣe. Ó sọ ìyẹn lóòótọ́, ó sì jẹ dàbínù méjì sí i. Ó wá kọjú sí ọkọ mi.

“Bùrọ̀dá, bàbá yín ṣì wà láyé. Ẹ sọ ọmọ yìí ní Babátúndé.”

Ọkọ mi ní ṣé orí rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó ní ta ló máa jẹ́ kí bàbá òun gbọ́ irú rẹ̀. Àbúrò mi tún mú dàbínù kan. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé sí ọkọ mi lára díẹ̀díẹ̀, tí ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Nígbà tó yá, ó ní kí n lọ sọ fún Bàbá Ẹ̀rọ pé kó máa lo orúkọ rẹ̀ lọ.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́rin péré, ọmọ wa kò sì ní orúkọ. Mo ránṣẹ́ sí bàbá pé kó wá mu tíì. Ó jókòó ti àbúrò mi, tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àwọn Oní-Ìwé, ìyẹn Júù àti Kristẹni, láti ọdún kejì, tí kò sì tíì bá Júù kan jókòó mu tíì rí. Ká tó pajú dé, àwọn méjèèjì ti ń fi ayọ̀ jiyàn nípa bí èèyàn ṣe ń dúńbú àgbò. Mo dá wọn lẹ́nu dúró.

“Bàbá tiyín ńkọ́?” mo bi í. “Ṣé òun náà ṣì ń lo orúkọ tirẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí i tí ẹ̀rín náà yí padà lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń tún aago ṣe ni bàbá òun, òun ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan kékeré tí kò ní bà jẹ́. Ó ti kú kí òun tó pé ọmọ ogún ọdún. Ó ní tí wọ́n bá pe Júù síwájú níbi ìjọsìn, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á ní ọmọ lágbájá. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn orúkọ òun ni ti bàbá òun ń wà. Kò sí ẹni kankan tó ń fi í dáhùn. Ó béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a mọ ohun tí a fẹ́ ṣe yìí, mo ní a mọ̀, pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni ọmọ wa yóò jẹ́. Ó jáde lọ sí bákóńì, ó pẹ́ níbẹ̀, a kò sì tẹ̀ lé e.

Àbúrò mi tí Lárúbáwá rẹ̀ já gaara ló lọ bá akọ̀wé ilé ìwòsàn pé kó bá wa yí fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé wo orúkọ àkọ́kọ́, ó wo ìkejì. Ó ní wòlíì ni èyí, wòlíì náà ni ìyẹn, kí ló dé tí a fẹ́ da òun láàmú?

“Ẹni tó ni ti àkọ́kọ́ ṣì ń lò ó,” ni àbúrò mi sọ. Ọkùnrin náà ronú sí i, ó fa ìlà sí i, ó sì lu òǹtẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Bàbá Ẹ̀rọ ní ọjọ́ kẹjọ náà ni àwọn ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, àbúrò mi ní tiwọn ọjọ́ keje ni, ọkọ mi sì ní kí ẹ̀yin méjèèjì fi oyin sẹ́nu ká ráyè. Òun ló gbé ọmọ lé bàbá lọ́wọ́ pé kó kọ́kọ́ pè é. Bàbá pe orúkọ náà jẹ́ẹ́jẹ́, kò sí “ọmọ” níwájú rẹ̀. Èmi tí n kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn pa ẹnu dé, mo ní nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá jẹ́ orúkọ bàbá ẹni ti di bàbá ẹni, kó yáa dọ̀bálẹ̀ kí i. Àwàdà ni mo ṣe. Ó dá ọmọ padà fún mi, ó di àga mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún. Ọkọ mi sáré fẹ́ gbé e dìde, bàbá yẹ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ojú tì mí, omi sì bọ́ lójú mi.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti padà sí Ìlú Ọba. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń pè wá lórí fídíò, “Bàbá” ló sì ń pe ọmọ mi. Ọmọ ti pé mẹ́rin, Lárúbáwá ló fi ń dá gbogbo ayé lóhùn, àwọn èèyàn sì ti sọ fún un pé bàbá ọkùnrin yẹn ni òun, ó gbà á gbọ́ láìkù síbì kan. Wáládì ló ń pè é, ìyẹn “ọmọ mi” ní Lárúbáwá. Ó ń bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó wọ ìbọ̀sẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún bàbá. Láti orí ibùsùn ló ti pè, ó rù gan-an. Ó ní kí n máa múra sílẹ̀ láti bí òmíràn, torí orúkọ òun lè ṣófo láìpẹ́. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé mo ti lé ní ọdún márùnlélógójì, mo ti ti ilẹ̀kùn ìkókó pa, nítorí náà kó má lọ síbì kankan. Ó ní kò burú, òun á dúró de ọmọ tí ọmọ mi bá bí.

Ọmọ mi gbọ́ tí a dárúkọ òun, ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe. Mo sọ fún un pé tó bá dàgbà, tí bàbá yìí bá ti lọ, kó bí ọmọkùnrin, kó sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀. Ó rò ó. Ó béèrè bóyá òní ni. Mo ní rárá, ó ṣì jìnnà.

“Háàdìrì,” ó ní, bí àwọn ọmọ ibí ṣe máa ń dáhùn pé àwọn ti gbọ́ tí wọ́n bá rán wọn níṣẹ́. Ó wá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí wáládì rẹ̀ lọ jẹun.