Ìlà Funfun Lórí Nọ́ọ̀tì

Níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ti ń rán ìjókòó ọkọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ojú mi ò tó. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ẹnu mi mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Ẹ gbọ́ tẹnu mi ná, kí ẹ tó gbè sẹ́yìn wọn.

Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin ni, kò sì tíì ga ju táyà lọ tó ti ń jókòó sídìí sítíárì. Nígbà tó tó gẹ́gẹ́, bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní eré ọkọ̀ lórí ilẹ̀ kọnkéré ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì. Wọ́n á gbé agolo òfìfo kalẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ní kó sáré bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, kó wá tẹ bíréèkì títí imú ọkọ̀ á fi kan agolo náà láì bì í ṣubú. Agolo tó rún lọ́dún yẹn kò kéré. Bí ọmọ náà bá sì gbójú sókè wo dígí báyìí, bàbá rẹ̀ á fi igbe bọnu: "Má wẹ̀yìn! Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ, ìyọnu tiẹ̀ nìyẹn. Kọ́nà tó wà níwájú ni kó o wò!" Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Máwẹ̀yìn ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ọkọ̀ tí a yá ló fi sá eré àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin tó bá a díje sì rẹ́rìn-ín títí tó fi gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ife ẹ̀yẹ tó gbà lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀tì ni bàbá rẹ̀ ń kó sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀, á máa kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà; tí ọjọ́ eré bá pé, á di ẹlòmíràn mọ́ wa lójú. Ó fẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣe táyà, ìyẹn náà sì di ara ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn sí wọn, mi ò ní purọ́.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi ṣeré. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ títí tó fi le dan-in, wọ́n á yọ búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan nínú àpò àyà wọn, wọ́n á tì í bọ ọ̀dà funfun, wọ́n á fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á já, gbogbo ayé á sì rí i. Ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Máwẹ̀yìn á yí ọkọ̀ po, á wo ìlà náà níkọ̀ọ̀kan, á ní, "Ọwọ́ Bàámi nìyẹn," á dé akoto, ó tán.

Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn lóhùn. Wọ́n bọ́ bàtà sínú àpótí irinṣẹ́, wọ́n wá ń wá a kiri ilé, mo sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo rí wọn tí wọ́n ń fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì sẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Wọn ò mú sípánà. Wọ́n yọ búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n fa ìlà, ó gún régé. Wọ́n dìde, wọ́n wo ìlà náà, wọ́n sì ń nu ọwọ́ wọn. 

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì fún un le o."

Wọ́n na ìka sí ìlà. "Ṣé o fọ́jú ni? Ìwọ náà wò ó. Ṣé mo máa kun ọ̀dà sórí ohun tí mi ò fún ni?"

Wọn ò bínú, wọn ò sì ṣàwàdà. Ọ̀dà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kùn ni wọ́n gbà gbọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo pe Máwẹ̀yìn sí kọ̀rọ̀. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Àǹtí, mo ti mọ̀. Tá a bá gba búrọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́wọ́ wọn, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ jí láàárọ̀? Mo máa ń yẹ nọ́ọ̀tì wò lẹ́yìn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọkọ mi, kò ní jẹ́ kí n sáré mọ́."

Mo pe ọkọ náà. Òun náà ti mọ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, mo máa ń fún un. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́. Tí ọkàn ẹ̀ ò bá balẹ̀ lórí ìrìn, ó lè ṣe ara ẹ̀ léṣe."

Mo ní kò burú, ẹni méjì ló ń ṣọ́ ọ. Síbẹ̀ ara ń fu mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró irin lójú oorun.

Ọjọ́ eré tó tẹ̀ lé òjò ńlá kan, ojú ọ̀nà ṣì tutù. Èmi wà lẹ́yìn irin ìdènà pẹ̀lú àwọn òǹwòran. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ iwájú, mo rí búrọ́ọ̀ṣì, mi ò rí sípánà. Mo wá ojú ọkọ Máwẹ̀yìn. Ó wo ìlà, ó mi orí pé ó dáa, ó gbé jáàkì rẹ̀ kúrò. Máwẹ̀yìn wo ìlà, ó dé akoto. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì gbogbo.

Ó ṣáájú wọn bọ̀. Nígbà tó kọjá níwájú wa, mo gbọ́ nǹkan kan tó ń ró kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀ lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, bí ọmọorí ìkòkò tó ń hó. Ní kọ́nà tó gùn jù, táyà kan yọ, ó ṣáájú ọkọ̀, ó ń yí lọ ní òun nìkan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ọkọ̀ tọ ògiri lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí mi láti òdìkejì irin. "Ọkọ̀ ta nìyẹn?"



Orí kó o yọ, kò kú. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi irin yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká láti ìta, wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ eegun. Dókítà ní á rìn, àmọ́ kò tún ní lè fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ bíréèkì bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn ni ọ̀rọ̀ ti tú síta.

Máwẹ̀yìn ní, "Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí mo bá a pé ó ń le ṣáá, mo ní ara Bàámi ti yá. Mo bá jáwọ́."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Èmi ni mo ń fún un. Àmọ́ nígbà mìíràn tí mo bá débẹ̀, ó ti máa ń le. Èmi náà ní Bàbá ti gbádùn."

Inú bí mi dé góńgó. Olúkúlùkù ń tún iṣẹ́ bàbá ṣe ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ ara wọn tan ara wọn jẹ. 

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Wọn ò wo ojú ọmọ wọn, irin tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹjú mọ́. "Ta ló ṣe èyí? Iṣẹ́ rẹ̀ dáa, àmọ́ kò sàmì sí i." Wọ́n yọ agolo ọ̀dà kékeré nínú àpò, wọ́n yọ búrọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì fẹ́ dá wọn dúró, Máwẹ̀yìn mi orí sí i pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n fa ìlà funfun sórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó gún régé.

"Ó ti le," ni wọ́n wí. "O lè máa lọ."

"Ẹ ṣé, Bàámi."

Wọ́n yíjú sí fèrèsé. Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí Máwẹ̀yìn fi na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà na ọwọ́, ìka wọn sì pàdé lórí nọ́ọ̀tì kan náà. Ó le. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì jọ bọ́ sí èyí tó kàn.