Ìsọdipúpọ̀ Méje Lójú Títì Wa

Bí mo bá ti gbóòórùn gíríìsì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ń padà wá. Èmi àti bàbá mi, tó ń rẹrù ní èbúté Àpápá tí aṣọ rẹ̀ sì máa ń rùn gíríìsì, nìkan la wà lẹ́nu ọ̀nà wa l'Ájégúnlẹ̀. Ẹ̀yìn ṣì ń ta mí. Tíṣà ti nà mí nítorí ìsọdipúpọ̀ méje: "Àgbàyà, àwọn àbúrò ẹ ti mọ̀ ọ́n!"

Bàbá mi ní, "Fi ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà kan. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá, ilé télọ̀."

A rìn ín lọ, a rìn ín bọ̀.

Bàbá mi ní, "Kà á látẹ̀yìn! Ojú á ti tíṣà ẹ."

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé tíṣà náà ti pe bàbá mi ní púrúǹtù níṣojú àwọn òbí yòókù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní kíláàsì, mo kà á lọ, mo kà á bọ̀, mo sì na ṣọ́ọ̀kì sí tíṣà: "Ó kàn yín, sà. Ẹ kà á látẹ̀yìn."