Ìwọ̀ Ẹja Ni, Kì í Ṣe Oògùn

Lọ́dún tí odò abúlé wa lẹ́yìn Akanran fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo lọ bu òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tí mo fẹ́ dà síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Aránṣọ ni mí. Níbi tí àwọn tó ń wa yanrìn ti gbẹ́ ilẹ̀ kan amọ̀ dúdú ni mo ti rí egungun tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, tí ẹnì kan gbẹ́ ní ṣóńṣó lórí àti nídìí. Mo fi téèpù wọ̀n wọ́n nígbà tí mo délé. Èyí tó gùn jù jẹ́ ínṣì méjì géérégé.

Ọjọ́rú ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó jẹ́ olórí àwọn ìyá nínú ìjọ wa, rí wọn lórí tábìlì mi.

"Ìyàwó wa, ta ló gbé oògùn wá síbí?"

"Inú odò ni mo ti rí wọn, mà."

"Inú odò! Wọ́n fi de èèyàn ni. Wo ojú òwú tí wọ́n so mọ́ ọn láàárín."

Ojú òwú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó yí egungun náà po. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń wo irú rẹ̀ lára máṣíìnì mi, níbi tí òwú ti gé irin wọnú. Òwú tí wọ́n so lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì jù nù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́ ni, tí nǹkan sì ń fà á padà.

"Ẹja ló ń fà á, mà. Ìwọ̀ ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ̀ wo ló nà gbọnrangandan báyìí? Ṣé ẹja á wá jókòó lé e ni?"

Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ níwájú ìjọ nínú ìsìn ọ̀sán ọjọ́ náà, Pásítọ̀ sì gbọ́. Wọ́n ní kí n mú wọn wá ní Sátidé, nígbà tí a bá ń gbá àyíká ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sun wọ́n mọ́ pàǹtí. Bí mi ò bá mú wọn wá, kí n má rán ẹ̀wù àwọn akọrin mọ́. Mo sì ti gé aṣọ náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ egungun ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lórí òkúta títí ó fi bá ínṣì méjì yẹn mu. Mo so òwú ọ̀rá mọ́ ọn láàárín, mo fi ekòló bò ó, mo so ó mọ́ èèkàn létí odò. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ekòló ti lọ, egungun wà níbẹ̀. Mo fi òmíràn sí i. Láàárọ̀ Jímọ̀, èèkàn ti tẹ̀. Ẹja àrọ̀ ló gbé e mì, ó gùn tó láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́.

Mi ò là á. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n, mo fi ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n la ọ̀fun rẹ̀. Egungun náà dábùú níbẹ̀. Ó wọlé lóòró, òwú ló fà á dábùú.

Wọ́n fà á, wọ́n tún fà á. "Kò tiẹ̀ fẹ́ jáde."

"Kò yẹ kó jáde, mà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n se ẹja náà, wọ́n sì jẹ orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nu ọwọ́.

"Ó dáa, ìwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ, ìyàwó wa. Mú wọn wá lọ́la, kí ojú má tì mí."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní mú wọn wá."

Mo dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, mo gbá ibi tó kàn mí. Wọ́n dá iná. Pásítọ̀ wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi, èmi náà wo ojú wọn. Ní Mọ́ńdè, wọ́n kó aṣọ akọrin lọ fún aránṣọ kan ní Ọlọ́runṣògo. Èmi fúnra mi ni mo ká a, tí mo fi pínnì so ìwé ìwọ̀n oníkálukú mọ́ tirẹ̀.

Mi ò mọ ọjọ́ orí àwọn egungun náà, mi ò sì ní purọ́ iye ọdún. Wọ́n wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Mo kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé: "Ìwọ̀ ẹja. Àwọn tó gbé etí odò yìí ṣáájú wa ló ṣe é." Ẹni tó bá ní kí n yọ wọ́n, mo máa ń ní kó gbé apá sókè, kí n wọn àyà rẹ̀.