Ẹ Má Jẹ́ Kó Dọ̀bálẹ̀ fún Mi

Ní Lagos Town, àdúgbò wa ní Accra, kò sí ẹni tí kò mọ̀ mí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí mo fi bọ́ sí ọjà Kantamanto, síbẹ̀ bí mo bá tú béèlì bàtà àlòkù kan, mo ti mọ èyí tó máa tà kí ẹlòmíràn tó gbọn eruku ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàtà kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Básíkẹ́ẹ̀tì ni. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, àwọn tí mò ń bá gbá a kò tíì pé ọgbọ̀n, èmi ni mo sì ń fìyà jẹ gbogbo wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo lè jù ú sáwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mejìlá. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń jù ú.

Òyìnbó kan ló wá kó bá mi. Ará Sẹ́bíà ni, ó ga bí òpó iná. Ó fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun fún ọdún púpọ̀ nílùú wọn àti níbòmíràn, kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́ tó fi di kóòṣì. Ilé-ìwé kan ló gbà á wá sí Accra. Ó wá ra bàtà, torí kò sí bàtà tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jà, àfi lọ́dọ̀ mi. Èmi náà, ẹnu mi ò gbé jẹ́ẹ́. Mo ní kó wá wo bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ó wá. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Mo ju mẹ́sàn-án sáwọ̀n, mo lọ bá a, òógùn ń kán lára mi, mò ń retí oríyìn. Gẹ̀ẹ́sì tèmi àti tiẹ̀ kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé.

"O ò burú," ló wí. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dí ọ lọ́nà. Bí o bá ti gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n á yà fún ọ bí ẹni ń yà fún ọkọ̀ ọlọ́pàá."

Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Inú bí mi. Mo bi í bóyá kò rí ọwọ́ òsì mi ni. Ó ní òun rí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀. Ó ní nígbà tí orúnkún ń dun òun, òun fi pa mọ́ fún gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó yẹ kó dí òun lọ́nà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí òun kọjá. Òun wo ojú rẹ̀, àánú ló wà níbẹ̀.

"Mo wọlé lọ tú okùn bàtà mi," ló wí. "Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kóòṣì."

"Kò sẹ́ni tó ń ṣàánú mi níbí."

"Bóyá kì í ṣe àánú. Àgbà wọn ni ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn wákyè, ìrẹsì oní-ẹ̀wà, tí mo rà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo ti jù sáwọ̀n láti ọdún yìí wá, ṣé wọ́n kàn fi ń kí mi ni? Ìrànù!

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òyìnbó tún wá jókòó, mo wá pe ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan; télọ̀ ni ọmọ náà, òun ló ga jù láàárín wọn. Mo ní kó dí mi lọ́nà bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Hà, Àlàájì! Ẹ̀yin? Bàbá mi á pa mí."

"Èmi ni mo ní kí o ṣe é."

Ó ń fi Twi bẹ̀ mí, "Mepa wo kyɛw, Àlàájì," ni òyìnbó bá fọn fèrè. Mo fò, mo jù ú. Páà! Ọmọ náà gbá a dànù, bọ́ọ̀lù yí lọ sábẹ́ tábìlì obìnrin tó ń ta kẹ́nkẹ́.

"Ẹ má bínú, Àlàájì."

Ó tún gbá a dànù. "Ẹ má bínú." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún gbáko! "Ẹ má bínú" yẹn wá ń dùn mí ju bọ́ọ̀lù lọ.

"Bí o bá tún bẹ̀ mí, mo máa gbá ọ létí!"

Ẹnì kan ké láti ẹ̀gbẹ́ pápá, "Chale, ẹ jẹ́ kí Àlàájì máa lọ ta bàtà!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́ẹ̀kẹfà, mo ṣe bí ẹni fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú. Ọmọ náà fò. Nígbà tó wà lókè lọ́hùn-ún, mo fi òsì gbé e gba abẹ́ apá rẹ̀. Ó wọ àwọ̀n, kò tilẹ̀ kan irin.

"Ṣé o fi sílẹ̀ fún mi ni?" mo bi í.

Ó pòṣé sí mi lójú, òṣé gígùn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ tí kì í rí mi láìdọ̀bálẹ̀, kò kí mi pé ó dàárọ̀.

Òyìnbó mi orí sókè sódò. "Ìyẹn wọlé," ló wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí bàbá rẹ̀ fi wọ́ ọ wá sí ìsọ̀ mi.

"Wọ́n ní o pòṣé sí ọ̀rẹ́ mi! Dọ̀bálẹ̀ kíá!"

Ọmọ náà ti ń tẹ̀ ba. Mo fo bàtà kọjá, mo di èjìká rẹ̀ mú.

"Ẹ má jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀!"

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Nínú gbogbo bọ́ọ̀lù ayé mi, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní ẹlẹ́rìí sí. Òṣé yẹn sì ni ẹlẹ́rìí náà. Ìwọ wá fẹ́ kó kó òṣé náà jẹ!"

Bàbá rẹ̀ ní orí mi ti dàrú. Ó fi wá sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń ráhùn lọ sí Kaneshie. Ọmọ náà nà ró, ó ń wò mí.

"Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, Àlàájì?"

"Máa bọ̀. Má sì kí mi o."