Ìyá Kọ́kọ́rọ́ Kọ Ìwé Ilẹ̀kùn

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fi ń gé kọ́kọ́rọ́, tó sì ń tún àgádágodo ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ènìyàn méjì kò lè dúró sí kí èjìká wọn má kan ara wọn. Bí ilẹ̀kùn bá há, òun ni wọ́n ń pè. Olófìn-íntótó sì ni. Bó bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn ni inú rẹ̀ yóò máa béèrè pé: kí ló wà níbí tí wọ́n fi tì í gbọin-gbọin báyìí?

Nígbà tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó kọ ìtàn àwọn ilẹ̀kùn náà jọ, ó gbé e lọ bá atẹ̀wé pé kó tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Atẹ̀wé ka ojú ewé méjì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ti kà á?"

"Èmi tí mo kọ ọ́ ńkọ́?"

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, mà, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Ẹ jẹ́ kí n tẹ márùn-ún péré. Ẹ fún àwọn tí kò mọ̀ yín kà ná. Ojúlùmọ̀ yín á kàn yìn yín ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gbà. Ó gbé ẹ̀dà kan sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó so pẹ́ńsù mọ́ ọn, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: "Níbi tó bá ti sú ọ, fa ìlà síbẹ̀." Láràárọ̀ ló ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó dẹ pàkúté.

Lọ́sẹ̀ kan, ìlà méje ló rí. Márùn-ún wà ní ojú ewé kọkàndínlógún, níbi tó ti ń ṣàlàyé oríṣiríṣi àgádágodo.

"Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí o!"

Onídìrí bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, wọn ò fẹ́ kọ́ṣẹ́, ìtàn ni wọ́n ń fẹ́."

Ó gé orí náà kúrò. Ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n yọ eyín rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó bá ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn télọ̀ kan tó ní kó ṣí yàrá tí wọ́n ti tì fún ọdún mẹ́sàn-án. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, ọkùnrin náà kò wọlé. Ó ní kó tún un tì, kó sì gé kọ́kọ́rọ́ tuntun fún òun. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun ìtìjú kan ló fi pa mọ́ síbẹ̀. Ẹnì kan wá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Èmi ni mo ni yàrá náà. Ẹ ò bi mí."

Ó sáré bi onídìrí léèrè. Onídìrí ní télọ̀ náà mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá dirun lánàá. Ojú ẹsẹ̀ ló gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ṣẹ̀ yín."

Télọ̀ kò dá ẹ̀rọ dúró. "Kí lẹ rò pé ó wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn."

Ó wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń ránṣọ níbẹ̀. A jà, a tì í pa, a sì búra pé ẹnì kan ò ní dá wọlé. Nígbà tó wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, mi ò rí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn á ṣí ni."

"Ṣé ó padà wá?"

"Ó wá. A jọ wọlé. Ó ní eruku orí ẹ̀rọ tèmi pọ̀ ju tòun lọ, torí pé ọ̀lẹ ni mí látilẹ̀."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún ìtàn náà kọ, ó kà á fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ẹ̀gbọ́n ní kó yọ gbólóhùn kan, ó yọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá àwọn tó kù nínú ìwé náà kiri. Ẹni méjì kọ̀ jálẹ̀, ó yọ tiwọn kúrò nínú ìwé. Nígbà tí atẹ̀wé tẹ ọgọ́rùn-ún, ìwé náà ti tín-ín-rín.

Bí ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé àkọ́kọ́ bá wá bi í léèrè báyìí, yóò ní kó kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó wà nínú rẹ̀. Nínú ilẹ̀kùn mọ́kànlá tí òun alára kọ, mẹ́jọ ni àbá òun kò bá òtítọ́ mu, èyí tó sì wà lẹ́yìn wọn ní ti gidi dùn ju tòun lọ fíìfíì.