Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Láti ìgbà tí Zubaidah ti wọlé ọkọ ní Erùnmu, kò pe Kàmọ́rù lórúkọ rí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí ìyàwó tó wọlé, nítorí náà ọkọ lòun náà jẹ́. "Akọ̀wé" ni Zubaidah ń pè é, a sì máa kúnlẹ̀ kí i.

Wàhálà dé nígbà tí oko ẹ̀gẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ fi ipò olórí òṣìṣẹ́ dán Zubaidah wò. Bó bá yege, ipò di tirẹ̀, owó oṣù rẹ̀ á sì gòkè. Olórí ló ń pe orúkọ láàárọ̀, kí katakata tó kó wọn lọ sóko.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó kan Kàmọ́rù, ohun tó jáde lẹ́nu Zubaidah ni "Akọ̀wé." Ẹ̀rín sọ.

"Kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ ná, ìyàwó," ni Kàmọ́rù wí.

Zubaidah kúnlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fádèyí, ọ̀gá oko, ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

"Olórí wo ló ń kúnlẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀? Bóyá Kàmọ́rù ni ipò yìí tọ́ sí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Zubaidah ní akínyẹmí ara. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró ṣánṣán.

"Kàmọ́rù Ṣítù."

Kàmọ́rù yíjú sí i.

"Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tí katakata máa fi sílẹ̀ bí kò bá dáhùn."

Kò dáhùn. Katakata gbéra láìsí i níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ipò tuntun yẹn ló ń gùn ọ́, tó o fi ń la orúkọ mọ́ ọkọ rẹ lórí?"

Luqman ọkọ rẹ̀ ń wolẹ̀. Zubaidah gbé ẹ̀bà wá, ó kúnlẹ̀ síwájú Kàmọ́rù. "Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ wá jẹun."

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti mọ̀wọ̀n ara rẹ̀."

"Ìyá, ìyàwó yín ni mí nínú ilé yìí. Màá kúnlẹ̀ títí orúnkún mi á fi bó. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbé mi níyàwó fún oko. Lọ́la, màá tún pe Kàmọ́rù Ṣítù. Bí wọn ò bá dáhùn, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀."

Òkèlè dúró sí Kàmọ́rù lọ́wọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Zubaidah pe orúkọ náà ketekete. Kàmọ́rù wo katakata, ó wo ọ̀nà oko tó jìn réré.

"Mo wà ńbí."

"Mà," ni ẹnìkan bá a fi kún un láti ẹ̀yìn.

Zubaidah kò rẹ́rìn-ín. Ó pe orúkọ tó kàn.