Nọ́ńbà Wáànù Tó Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Bàbá Ṣọlá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe l'Ọ̀rẹ̀ níbí, kí ẹ tó máa pè mí ní èèyàn dáadáa.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ àwọn òpó nẹ́tíwọ̀kì láti ọ́fíìsì wa. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe ẹ̀rọ tó wà lára wọn, kò sì sí èyí tó gbọ́ èdè èkejì. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ń wò, páásíwọ̀ọ̀dù mẹ́ta. Ṣé ẹ rí wàhálà?

Ọ̀gá wa wá ra ètò kan tó máa kó gbogbo wọn sójú kan. Ó yẹ kí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn máa jíṣẹ́ fún un lọ́nà kan náà tí gbogbo ayé ti fẹnu kò sí. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kí ọ̀gá fọkàn balẹ̀, pé màá fúnra mi kọ ìtumọ̀ tí ètò náà máa fi gbọ́ èdè ẹ̀rọ tiẹ̀. Ẹ ò rí ìgbéraga!

Lọ́dọ̀ àwọn méjì yòókù, nọ́ńbà fáìfù ni ìkìlọ̀ tó burú jù, wáànù ló kéré jù. Lọ́dọ̀ ẹni tó kọ̀ yìí, òdìkejì ni. Ta ló ka ìwé ìlànà ẹ̀rọ wọn? Mo kàn pa gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Bàbá Ṣọlá ló ń ṣọ́ òpó wa ní Omifunfun, ẹ̀rọ ẹni tó kọ̀ yẹn ló sì wà lára ẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n, apá Ìwó ni wọ́n ti wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀, iṣẹ́ ọdẹ yìí ni wọ́n sì gbójú lé. Lọ́jọ́ Ajé kan, bàbá pè mí pé iná pupa ń tàn níbi bátìrì, pé ó ti ń gbóná. Mo wo kọ̀ǹpútà: nọ́ńbà wáànù, ìkìlọ̀ kékeré. Mo bi wọ́n bóyá kòkó tó pọ́n ni wọ́n rí. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, ọ̀gá nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n tún pè lọ́jọ́ kejì, mi ò gbé e.

Ní Ọjọ́rú, bátìrì jóná, nẹ́tíwọ̀kì Omifunfun kú pátápátá. Ọ̀gá mú èmi nìkan lọ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò fi nǹkan burúkú hàn, torí náà ọ̀gá ní bàbá ló sùn lẹ́nu iṣẹ́ tí kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ní àwọn pe injinníà. Ọ̀gá kọjú sí mi.

"Ṣé ó pè ẹ́?"

"Rárá, sà."

Ó parí nìyẹn. Ọ̀gá ní kí bàbá bọ́ yunifọ́ọ̀mù lójú àwọn ará abúlé. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀ relé.

Nígbà tó yá, òpó Odigbo náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ìlànà yẹn tí mo sì rí àṣìṣe mi. Mo rọra tún un ṣe. Ọ̀gá tiẹ̀ yìn mí!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé bàbá ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò pariwo mọ́ mi.

"Injinníà, mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ ìtumọ̀ èdè fáwọn ẹ̀rọ yẹn. Yorùbá ni mo fi sọ tèmi fún yín."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde.

Ẹ̀kọ́ mi rèé: ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti parọ́ ba tẹlòmíì jẹ́ rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe. Èmi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ọ̀gá mi ò sì tíì mọ̀.